Bá a ṣe ń fẹ́ràn ara wa nínú ìjọ: nótíbúùkù, láílọ́ọ̀nù dúdú àti owó télọ̀

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí sílíńdà gáàsì. Ìyá kan nínú ìjọ wa, ọ̀nà Bàríga ni wọ́n ń gbé, wọn ò wá ṣọ́ọ̀ṣì fún Sánńdè mẹ́ta, àwa náà ò dẹ̀ sùn o, a ń fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, "Mọ́mì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, a ń fi àdúrà rántí yín", àwọn náà á dáhùn pé "Àmín, a dúpẹ́, dáadáa ni." Ìgbà tá a wá délé wọn, wọ́n gbé àga jáde fún wa sí kọ́rídọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní orúnkún ló ń dùn wọ́n díẹ̀. Ibi tí mo jókòó sí ni mo ti rí ẹnu ọ̀nà yàrá wọn. Wọ́n dá sílíńdà gáàsì kékeré dùbúlẹ̀, wọ́n fi àbọ̀ búlọ́ọ̀kù ṣe ìrọ̀rí fún un. Ẹni tó bá ti fi owó ara ẹ̀ dáná l'Ékòó mọ ohun tíyẹn jẹ́: gáàsì ti tán, ìyẹn tó kù nísàlẹ̀ ni wọ́n ń fún jáde. (Ẹ má dán an wò nílé yín o, ó léwu gan-an.) Ìkòkò tó wà lórí sítóòfù ò ní ìdérí, inú ẹ̀ gbẹ kanlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń gbàdúrà fún ìyá tí ebi ń pa.

Látọjọ́ náà lèmi ti gbà pé iṣẹ́ ni ìfẹ́ inú ìjọ, bí iṣẹ́ kọ́yà ṣe jẹ́ iṣẹ́, tó ní ọjọ́ rìhásà, tó ní ẹni tó ń bi yín pé kí ló dé tẹ́ ẹ fi pẹ́. Alẹ́ ọjọ́ tí Jésù fọ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ ló sọ ọ́, Jòhánù 13, pé ká fẹ́ràn ara wa, pé ohun táráyé máa fi mọ̀ pé tòun ni wá nìyẹn. Kò mẹ́nu ba lóúdísípíkà. Jákọ́bù tiẹ̀ wá le síi ní orí 2, ó ní àǹfààní wo ló wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá rí ẹni tí ò láṣọ, tí ò jẹun, tẹ́ ẹ kàn sọ fún un pé máa lọ ní àlàáfíà, yó o, kí ara ẹ móoru, tẹ́ ẹ ò dẹ̀ fún un ní nǹkan kan. Mẹ́sééjì WhatsApp wa gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Bá a ṣe ń ṣe é nísìnyí ni mo fẹ́ kọ síbí. Ìjọ wa ò tóbi, tiyín bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

1. Ẹ ra nótíbúùkù

Kì í ṣe ìwé ìdámẹ́wàá o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ owó ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Orúkọ táwọn aládùúgbò ń pe ẹni náà (torí tẹ́ ẹ bá dé àdúgbò tẹ́ ẹ ń béèrè Sístà báyìí-báyìí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní ìyá ẹlẹ́kọ, ọmọdé á mú yín débẹ̀), bọ́sítọ́ọ̀pù wọn, ohun tẹ́ ẹ máa rí kẹ́ ẹ tó yà sí àdúgbò, nọ́ńbà fóònù wọn àti nọ́ńbà ẹlòmíì tó súnmọ́ wọn, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ọjọ́ tí wọ́n máa ń wà nílé.

Lẹ́yìn ìyẹn, bọ́sítọ́ọ̀pù ni kẹ́ ẹ fi pín àwọn èèyàn, ẹ má fi ẹgbẹ́ pín wọn. Ẹgbẹ́ akọrin lè ní ẹnì kan n'Íkòròdú, ẹnì kan n'Íyànà-Ìpájà, tí ara ẹni àkọ́kọ́ ò bá yá lóru ta ló fẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀? Ìfẹ́ tó máa wọ danfo mẹ́ta kó tó débẹ̀, ilẹ̀ á ti mọ́. Torí náà àwọn ará Bàríga àti Àkọkà papọ̀, Ṣómólú lọ́tọ̀, Yábà àti Èbúté-Mẹ́ta papọ̀, Múṣin títí dé Ìdí-Àràbà papọ̀. Ilé mẹ́jọ sí ìsọ̀rí kan ti tó, kí ẹni méjì máa bójú tó o, torí ẹnì kan ṣoṣo á rìnrìn àjò, á ṣàìsàn, á tún bínú lọ́jọ́ míì.

Kì í ṣe èmi ni mo dá ọgbọ́n yìí o. Àwọn Mẹ́tódíìsì ló ni ín, 1742 ni, nílùú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gbèsè ilé ìjọsìn ló wà nílẹ̀, wọ́n ní kí kálukú máa mú kọ́bọ̀ kan wá lọ́sẹ̀, wọ́n pín àwọn èèyàn sí méjìlá-méjìlá, kíláàsì ni wọ́n ń pe ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan máa lọ gba owó náà nílé wọn. Ibi tí ẹni tó ń gbowó ti ń wọlé wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ti ń rí i pé ẹni yìí ń ṣàìsàn, ẹni yẹn àti ìyàwó ẹ̀ ń jà. Bí wọ́n ṣe gbàgbé gbèsè nìyẹn, tí ìbẹ̀wò wá di ìdí ọ̀rọ̀. Ìgbà tí míṣọ́nnárì wọn, Thomas Birch Freeman, gbé ìjọ náà dé Badagry níbí ní 1842, ètò kíláàsì ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ bi àwọn àgbà Mẹ́tódíìsì àdúgbò yín wò, wọ́n á sọ fún yín ẹni tó jẹ́ olórí kíláàsì wọn.

Òfin ibi tiwa: ẹni tí ò bá wá ní Sánńdè kan, ẹ pè é ní Mọ́ńdè. Tó bá di Sánńdè kejì, ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi lọ. Ẹ má dúró de ẹ̀kẹta, ìyá onísílíńdà ló kọ́ wa níyẹn.

2. Ẹ pè é, àmọ́ ẹ ṣọ́ ohun tẹ́ ẹ máa bi í

"A ò rí yín ní ṣọ́ọ̀ṣì" kì í ṣe ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Bíi ti mọ́nítọ̀ kíláàsì ló máa ń dún. Ẹ sọ pé, "Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́ o, mo kàn ní kí n gbóhùn yín ni." Ẹ wá dákẹ́ díẹ̀. Ìṣòro àwa Yorùbá ni pé a ti kọ́ ẹnu wa ní "a dúpẹ́", kí ilé máa jó, a dúpẹ́, kí láńlọ́ọ̀dù ti kó ẹrù síta, a dúpẹ́ náà ni. Torí náà ẹ má bi í ní ohun tó lè fi a dúpẹ́ dáhùn. Ẹ bi í pé: "Kí lẹ sè lónìí?" "Ọjà ń rìn?" "Àwọn ọmọ ti padà sí iléèwé?" Tó bá ti ní "ẹ ẹ̀, a ṣì ń wò ó", ẹ ti gbọ́ ìdáhùn.

3. Ẹ lọ

Ẹni méjì ni kó lọ. Ẹni mẹ́wàá tó wọ aṣọ ẹgbẹ́ kan náà wọ inú fési-mí-n-fési-ẹ, gbogbo ilé ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn, ojú á ti ẹni tẹ́ ẹ wá kí. Tó bá jẹ́ obìnrin tó ń dá gbé, kí obìnrin wà nínú ẹni méjì yẹn, ìyẹn ò ní àlàyé.

Ẹ mú nǹkan dání, àmọ́ inú láílọ́ọ̀nù dúdú ni kẹ́ ẹ kó o sí, ìyẹn tí gbogbo èèyàn ń kó kiri lọ́jà. Mo ti rí ìjọ tó tẹ orúkọ ìjọ sára báàgì tí wọ́n fi ń pín gààrí fáwọn aláìní, mo ní ẹ̀yin èèyàn yìí, ṣé kí gbogbo àdúgbò lè mọ ẹni tí ò jẹun ni? Gààrí, ìrẹsì, ẹ̀wà, epo pupa, iyọ̀, ẹja gbígbẹ díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá rí i pé gáàsì ló tán, kí ọ̀kan nínú yín gbé sílíńdà jáde bí ẹni ń lọ rọ gáàsì tara ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ lo ojú yín. Oògùn wo ló wà lórí tébù, ṣé àwọn ọmọ wà nílé lọ́jọ́ iléèwé, ṣé iná tó mú lọ́dọ̀ wọn mú nílé kejì náà àbí wọ́n ti wá gé tiwọn. Ẹ má wàásù. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ míì wọ̀ ọ́, ẹ gbé oúnjẹ kalẹ̀ ná, kí àdúrà kúrú, kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀ ẹ bi wọ́n ní ohùn jẹ́jẹ́ pé "kí ló kù tá ò rí?" Ìdajì wákàtí ti tó. Ẹni tó ń ṣàìsàn ò lágbára láti máa ṣe àlejò.

4. Àpò kan àti ọwọ́ mẹ́ta

Ìfẹ́ tí ò lówó lọ́wọ́ á máa sáré kiri lójoojúmọ́ tí wàhálà bá dé, "ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá nǹkan jọ fún brọ̀dá yìí". Ẹ dá a jọ kí wàhálà tó dé. Tí ogójì èèyàn bá ń mú ₦500 wá lọ́sẹ̀, ₦20,000 nìyẹn, Sánńdè mẹ́rin á jẹ́ ₦80,000. Kò lè san rẹ́ńtì ọdún kan l'Ékòó yìí, ẹ má tan ara yín, àmọ́ á ra oògùn, á rọ gáàsì, á gbé ọmọ padà sí kíláàsì.

Ẹnì kan ń tọ́jú owó, ẹnì kan ń kọ ọ́ sílẹ̀, ẹnì kẹta ló ń mọ ilé tó ń lọ. Èmi ò fara mọ́ kí pásítọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí, ẹ má bínú, torí àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í ro pé tí pásítọ̀ bá bá wọn wí, owó ti dí nìyẹn. Ẹ fi iye kan sílẹ̀ tí ẹni méjì lè mú láìpe ìpàdé, ebi kì í dúró de mítíìnì. Bílì ọsibítù, ẹ lọ san án fún ọsibítù fúnra yín. Ẹ̀bùn ni kẹ́ ẹ pè é, ẹ má pè é ní yíyá, torí ẹni tó bá jẹ ìjọ lówó á máa gba ọ̀nà ẹ̀yìn ilé kọjá nígbà tó bá rí yín, ẹ ti pàdánù owó, ẹ tún pàdánù èèyàn.

Ta ló yẹ kó di àpò náà mú? Ẹ lọ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6 dáadáa. Àwọn opó tó ń sọ Gíríìkì ni wọ́n ń fò kọjá nígbà tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ ojúmọ́, wọ́n wá ń kùn. Àwọn àpọ́sítélì ní kí ìjọ mú ọkùnrin méje. Stéfánù, Fílípì, Prókórù, Nikánórì, Tímónì, Páménà, Nikoláù. Ẹ wo orúkọ yẹn, orúkọ Gíríìkì ni gbogbo ẹ̀! Ìjọ gbé abọ́ lé ọwọ́ àwọn tó jọ àwọn tí wọ́n ń fò kọjá. Ní ìjọ tiwa, àwọn Ẹ̀gùn wà níbẹ̀, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n máa ń jókòó sí, Yorùbá wọn ò já gaara, fún ọdún mélòó kan kò sí orúkọ wọn kankan nínú ìwé ìrànlọ́wọ́, a wá ń sọ pé "àwọn yẹn ò kì í béèrè nǹkan." Wọn ò mọ ẹni tí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ ni. Ọ̀kan nínú ọwọ́ mẹ́ta wa báyìí, obìnrin Ẹ̀gùn ni. Oṣù àkọ́kọ́ tó débẹ̀, ó mú ilé mẹ́rin wá tá ò mọ̀ rárá.

5. Ẹ sanwó iṣẹ́ ara yín

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbí torí mi ò gbọ́ kí wọ́n wàásù ẹ̀ rí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ télọ̀ tó wà nínú ìjọ yín ẹni tó jẹ ẹ́ lówó jù lọ. Àwa ni. Ẹni tó ń ran aṣọ fún àwọn ará ìta, wọ́n ń san àdífáǹsì, wọ́n ń san tó kù lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbaṣọ. Ará inú ìjọ á ní "ṣebí ọ̀kan náà ni wá, ẹ bá mi dá a sílẹ̀", á gbaṣọ wọ ìkórè, á jó wọ iwájú pẹpẹ, ẹni tó ran aṣọ náà jókòó lẹ́yìn ó ń wo aṣọ ẹ̀ tó ń jó. Bẹ́ẹ̀ náà ni onídìrì, bẹ́ẹ̀ náà ni mẹkáníìkì, bẹ́ẹ̀ náà ni àbúrò tó ń ṣe fídíò tí wọ́n máa ń sọ fún pé "Ọlọ́run á san án fún ẹ." Ọlọ́run á san án lóòótọ́, ìwọ náà san tìẹ! Jákọ́bù 5 sọ pé owó iṣẹ́ tẹ́ ẹ dá dúró ń ké, igbe ẹ̀ dẹ̀ ti dé etí Olúwa.

Ní ìjọ wa, a sọ fún gbogbo èèyàn lọ́jọ́ Sánńdè kan pé kí gbogbo ẹni tó jẹ ará lówó iṣẹ́ lọ san án kó tó di Sánńdè tó ń bọ̀, ẹni tí ò bá lè san án tán kó lọ sọ ìgbà tó máa san án. Ọjọ́ Túsìdeè, télọ̀ wa pè mí, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, àláàtì ń wọlé, kí lẹ sọ fún wọn gan-an?" Mi ò rántí ìwàásù kankan tó so èso kíákíá bẹ́ẹ̀ yẹn.

6. Ẹ gbé fóònù yín sápò

Àṣìṣe tèmi rèé. December ọdún kan, a ń pín ìrẹsì, mo wá ya fọ́tò, mo gbé e sí gúrúpù, mo kọ ọ́ pé "Ògo ni fún Ọlọ́run". Arákùnrin kan wà nínú fọ́tò yẹn, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ láàárín ọdún, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ó ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ wa. Fọ́tò jáde kúrò ní gúrúpù wa, ó dé gúrúpù àwọn òbí iléèwé ọmọ ẹ̀. Kò wá ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ìgbà tí mo lọ bẹ̀ ẹ́, kò bínú, ó fún mi lómi, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìrẹsì yẹn ti tán tipẹ́, fọ́tò yẹn ni ò tán." Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé tá a bá ṣe ẹni lóore tá a bá lóṣòó tì í, bí ẹni tá ò ṣe ni, èmi wá lóṣòó tì í pẹ̀lú kámẹ́rà. Ìjọ míì ló ń lọ báyìí. Tí àwọn tó ń fún yín lówó bá fẹ́ ẹ̀rí, ẹ fi rìsíìtì hàn wọ́n.

Àdúrà náà wà lábẹ́ òfin yìí. "Ẹ bá wa fi sístà kan sádúrà, ọkọ ẹ̀ ti lọ, mi ò ní dárúkọ o, àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ọ̀nà Ṣómólú ẹ mọ̀ ọ́n." Òfófó nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tọ́rọ̀ kàn bóyá ó fẹ́.

7. Tí ìjà bá dé

Ahọ́n àti eyín ń jà, kí ló máa ṣe kọ́yà? Ohun tí Jésù sọ ní Mátíù 18 ò le: lọ bá a, ìwọ àti òun nìkan. Tí kò bá gbọ́, mú ẹnì kan tàbí méjì dání. Tí kò bá tíì gbọ́, kó tó dé ìjọ. Àwa l'Ékòó, àtìsàlẹ̀ la ti ń ka ẹsẹ yẹn lọ sókè. A á kọ́kọ́ gbé e sí gúrúpù, a á wá lọ sọ fún pásítọ̀, pásítọ̀ á fi wàásù, ẹni tó ṣẹ̀ wá gan-an ló máa gbọ́ kẹ́yìn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Ẹ má ṣe é lórí fóònù, fóìsì nóòtì sì burú jù, torí ó ṣeé fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ẹ má ṣe é lálẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ tí ẹni náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú họ́dọ́pù Third Mainland, inú ti bí i kẹ́ ẹ tó dé. Ẹ wá àárọ̀ Sátidé. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ má sọ irú èèyàn tó jẹ́: "Mo san owó aṣọ ẹbí ní oṣù kẹjọ, mi ò tíì rí aṣọ, mi ò dẹ̀ rí owó." Ó tán. Tẹ́ ẹ bá fi "bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe nìyẹn" kún un, ẹ ti dá ìjà tuntun sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sọ tiẹ̀. Tó bá bẹ̀ yín, ẹ má kàn ní "ó ti tán" kí inú ẹ máa gbóná lọ, ẹ jọ mú ọjọ́ tí owó máa padà.

Tó bá jẹ́ àgbà ló ṣẹ ọmọdé ńkọ́? Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti ń le fún wa. Kúnlẹ̀ tàbí kó o dọ̀bálẹ̀, kó o ní "Dádì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ràn mí lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí nínú, mi ò fẹ́ kó dọ̀tá sí mi lọ́kàn." Mi ò tíì rí àgbà tó lè lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin àgbà náà, ẹnu yín ò ní ya tẹ́ ẹ bá sọ "má bínú" fọ́mọ.

Ohun kan wà tí kì í ṣe ìjà o. Ọkùnrin tó ń na ìyàwó ẹ̀, ẹ má lọ parí ìyẹn nílé pẹ̀lú ẹsẹ Bíbélì, ẹ má sọ fún obìnrin náà pé kó lọ fara dà á. Ẹ wá ibi tó máa sùn sí lálẹ́ yẹn fún un, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dọ́kítà, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní àjọ DSVA tó ń rí sí irú ẹ̀.

8. Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ dúró sí

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìjọ ni ọjà wọn, wọ́n á sunkún níbí lóṣù yìí, wọ́n á sunkún ní Agége lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ fún wọn lóúnjẹ, ẹ má fún wọn lówó, kẹ́ ẹ béèrè ilé wọn, ẹni tí ò bá ti fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ilé òun, ẹ ti mọ̀. Gálátíà 6 ní ká máa ru ẹrù ara wa, ẹsẹ díẹ̀ sí i ó tún ní kálukú á ru ẹrù tara ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá bá ẹnì kan wá iṣẹ́ tí kò lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ jẹ́ kó sinmi.

9. Kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é fún ẹ̀yin náà

Èyí ló le jù fún èmi. Ọdún tó kọjá, ibà àti táífọ́ọ̀dù gbé mi dè. Ẹni tó ni nótíbúùkù! Wọ́n pè mí ní Mọ́ńdè, mo ní a dúpẹ́, mo ti ń gbádùn. Sánńdè kejì kọjá, mo gbọ́ kọ́ńkọ́ lára ilẹ̀kùn, àbúrò méjì nínú kọ́yà ni, pẹ̀lú láílọ́ọ̀nù dúdú. Mo ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, mo fi ara dí i, torí àwo ọjọ́ mẹ́rin wà nílẹ̀ nínú yàrá, eṣinṣin ń bẹ lórí ẹ̀, mo ní ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bùkún yín, ẹ má wulẹ̀ wọlé, kí n má kó o ràn yín.

Èyí àgbà nínú wọn wo ojú mi, ó wo àlàfo tó wà láàárín apá mi àti férémù ilẹ̀kùn, ó wo àwo. Kò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ó gbé láílọ́ọ̀nù fún èkejì, ó ká apá aṣọ ẹ̀ sókè.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "níbo lẹ ti ń pọn omi nínú ilé yìí?"